Arò Fatai Rolling Dollar ní Ìlaró

Akọrin tó bá kú, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni aráyé yóò máa tún sọ. Ẹni tó fẹ́ ṣe arò rẹ̀ yóò mú ìpè kan níbí, yóò mú àṣamọ̀ kan lọ́hùn-ún, àwọn elégbè yóò gbè é, omi yóò sì ti lé sójú ẹni tó ń gbọ́. Ti onígìtá kò rí bẹ́ẹ̀. Àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá ló fi sọ tirẹ̀, ibi tó sì dùn jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ ibi tó ti gbọ́wọ́ sókè díẹ̀ kó tó tún kan okùn. Báwo la ṣe fẹ́ ki ìyẹn? Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń gbèrò àti ṣe àwo kan ní ìrántí Fatai Rolling Dollar, ìbéèrè yìí ló sì ń dá mi dúró. N kò fẹ́ àwo tí yóò máa pe orúkọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ìka rẹ̀ kò sì ní sí níbẹ̀ rárá.

Àwa Yorùbá kúkú mọ arò ṣe lórí àwo. Nígbà tí Àyìnlá Ọmọwúrà kú l'Abẹ́òkúta ní 1980, Síkírù Àyìndé Barrister, tó jẹ́ onífújì, kọrin kẹ́dùn alápàlà náà, àwọn tó gbọ́ ọ nígbà náà kò sì gbàgbé. Nígbà tí wọ́n pa Murtala Muhammed ní 1976, Ebenezer Obey ṣe àwo fún un. Ọ̀nà kan náà ni irú orin bẹ́ẹ̀ ń tọ̀: orúkọ òkú, orílẹ̀ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, àwọn tó fi sáyé lọ, àdúrà fún àwọn tó kù. Èmi náà ti lu gìtá tẹ̀lé irú rẹ̀ ní òde òkú káàkiri, láti Ìlaró dé Ayétòrò, láti Òkè-Ọ̀dàn dé Ìmẹ̀kọ. N kò ní fojú tín-ín-rín rẹ̀, òun ló rán àwọn ọmọ mi níwèé. Àmọ́ nínú gbogbo rẹ̀, gìtá kàn ń sin ọ̀rọ̀ lọ ni. Bí òkú bá jẹ́ ọba, tàbí ọ̀gágun, tàbí alápàlà, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Bí òkú bá jẹ́ onígìtá ńkọ́?

Ọláyíwọlá Fatai Ọlágúnjú ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹdẹ ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 22 oṣù Keje 1927. Èkó ló kú sí, ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà 2013, ọjọ́ tó pé ogún ọdún géérégé tí Nàìjíríà dìbò fún Abíọ́lá. Ẹni tó bá fẹ́ rántí ọjọ́ ikú rẹ̀ kò ní wá kàlẹ́ńdà jìnnà. Láàárín àwọn ọdún 1950, ó bá J. O. Àràbà ṣiṣẹ́, àgídìgbo ló sì ń lù lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní 1957 ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, African Rhythm Band, wọ́n sì ṣe àwo kékeré púpọ̀ fún ilé iṣẹ́ Philips. Lẹ́yìn náà ni òkìkí rẹ̀ rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé àwọn tó ń lu gìtá bíi tirẹ̀ gan-an kò mọ̀ pé ó ṣì wà láàyè. Ìgbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún ni Jazzhole, ilé ìtàwé àti àwo orin tó wà ní Ìkòyí, tún gba orin rẹ̀ sílẹ̀, ni àwọn ọmọ tí bàbá wọn kò tíì gbéyàwó nígbà tí Fatai ń ṣe àwo fún Philips bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó sí i. Àgbàlagbà tó ń jó lórí pèpéle bí ọmọdé, tó ń fi ohùn tó ti há díẹ̀ kọrin: bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe mọ̀ ọ́n. Èmi kò bá ijó náà jà, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò.

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló kan Ìlaró nínú ọ̀rọ̀ ọmọ Ẹdẹ tó gbé Èkó, màá ní kó wọ mọ́tò lọ sí Ìdògo. Kò jìnnà sí wa. Ojú irin tó yà láti Ìfọ́ gba Ìlaró kọjá, Ìdògo ló sì parí sí; ibẹ̀ ni wọ́n bí Ebenezer Obey sí ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin 1942. Ọmọ Òwu ni, Abẹ́òkúta ni orílẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ tiwa ló ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan ohun èlò orin, nínú ẹgbẹ́ mámbò ọmọdé. Nígbà tó dé Èkó, ọ̀dọ̀ Fatai Rolling Dollar ló ti kọ́ iṣẹ́ kó tó dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964. Orlando Owoh náà wà lára àwọn tó jẹ nínú àwo Fatai. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí a kọ́ gìtá ní Ìlaró, lẹ́yìn àwo Obey ni a ti kọ́ ọ: a ó gbé abẹ́rẹ́ sẹ́yìn, a ó tún gbọ́, a ó tún gbé e sẹ́yìn, títí ojú àwo yóò fi ha. Ohun tí a ń wá lórí àwo wọ̀nyẹn, ẹnì kan ti fi han Obey náà. Gbèsè tó wà lọ́rùn wa nìyẹn, bí a tilẹ̀ ń gbọ́ orúkọ ẹni tó ni owó náà láìpè é.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí mámbò, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà ti yọ. Kì í ṣe ijó Kúbà ni àwọn bàbá wa ń sọ nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ara àwo àwọn ará Kúbà ni orúkọ náà ti wá. Àgídìgbo ni wọ́n ń sọ. Ẹgbẹ́ tó bá fi àgídìgbo ṣe olórí, tí ó fi ìlù àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé e, ẹgbẹ́ mámbò ni. Adéolú Akínsànyà àti Rancho Boys rẹ̀ ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ìgboro Èkó ń jó sí, kò sì pẹ́ tí ọmọdé ní Ìdògo fi kan pákó pọ̀ láti ṣe tirẹ̀. Àgídìgbo kò le ṣe: àpótí pákó, ihò kan lójú rẹ̀, ahọ́n irin bíi mélòó kan tí a fi ọ̀pá tẹ̀ mọ́ ọn. A ó gbé e lé orí itan. Ọwọ́ kan ń fa ahọ́n irin, ọwọ́ kejì a fi òrùka gbá ẹ̀gbẹ́ àpótí. Ohùn rẹ̀ jinlẹ̀, ó gbẹ, kì í pẹ́ lórí afẹ́fẹ́. Ohun tí a bá fẹ́ sọ, ìwọ̀nba ahọ́n yẹn náà la ó fi sọ ọ́, a ó sì tún un sọ títí yóò fi wọ ẹni tó ń gbọ́ lára.

Mo ti fetí sí Fatai tó láti sọ ohun tí mo gbàgbọ́: alágídìgbo tó di gìtá mú ni. Ẹ gbọ́ àtàǹpàkò rẹ̀ lórí okùn nísàlẹ̀, bó ṣe ń padà sí ojú kan náà. Ẹ gbọ́ bí kò ṣe ń jẹ́ kí okùn ró pẹ́. Kì í sáré lọ sókè ọrùn gìtá kí a lè mọ̀ pé ó mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹlòmíràn yóò ní ọ̀nà gìtá ẹlẹ́mu (palm-wine) ni gbogbo ìyẹn, èyí tí àwọn atukọ̀ Kúrù mú gba etí òkun wá, tí Domingo Justus fi ṣe àwo Yorùbá fún Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1928, ọdún kan náà tí Kumasi Trio ti Gánà ṣe «Yaa Amponsah» síbẹ̀. Òótọ́ ni. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó fẹ́ gbé ohùn gìtá sókè yóò fi okùn so pẹ́ńsù mọ́ ọrùn rẹ̀, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Mo mọ àgbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ó fi fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́mu máa ń jẹ́ kí okùn sunkún díẹ̀. Fatai kì í jẹ́ kó sunkún. Gbígbẹ tí ohùn rẹ̀ gbẹ yẹn, inú àpótí àgídìgbo ló ti gbé e wá.

Nígbà tí èyí yé mi tán ni mo rántí Django. Onígìtá ará Yúróòpù kan ni, Django Reinhardt, ọmọ àwọn alárìnká tí wọ́n ń pè ní Manouche. Iná jó o lọ́wọ́ òsì nígbà tó wà léwe, ìka méjì kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ mọ́, síbẹ̀ kò sí onígìtá jáàsì tó le gbójú fò ó. Ó kú ní 1953. Ní 1954, John Lewis, atẹ dùùrù, kọ orin ìrántí kan tó pè ní orúkọ rẹ̀, ẹgbẹ́ Modern Jazz Quartet sì gbà á sílẹ̀. Dùùrù, béèsì, ìlù, àti fáíbù tí wọ́n ń fi ọ̀pá gbá irin rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe é. Gìtá kò sí níbẹ̀! Àwo tí aráyé fi ń rántí onígìtá jù lọ, kò sí okùn gìtá kan tó dún nínú rẹ̀, irin ló ń sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti mọ àwo náà, mo kàn ń gbádùn rẹ̀ lásán ni. Lọ́tẹ̀ yìí ó di ìmọ̀ràn. Bí àgídìgbo bá jẹ́ ìyá gìtá Fatai, kí ló dé tí kò fi ní jókòó síwájú, kí gìtá sì máa tẹ̀lé e?

Wíwá alágídìgbo nílẹ̀ Yewa lóde òní gba sùúrù. Àwọn ọmọ ń lu dùùrù oníná, wọ́n ń lu dúrọ́ọ̀mù, wọ́n mọ béèsì lù dáadáa. Ẹni tó ń fa ahọ́n irin ti ṣọ̀wọ́n. Ẹnì kan júwe bàbá kan fún mi lọ́nà Ọjà-Ọ̀dàn, tó ń ṣe oko, tó sì máa ń lù ú fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìpàdé. Mo gbé obì àti ọtí lọ. Lẹ́yìn tí mo dọ̀bálẹ̀, tí a ti kí ara wa tán, tí a ti béèrè àwọn ọmọ àti òjò, mo sọ ohun tó gbé mi wá.

"Onígìtá ló kú," bàbá ní. "Ẹ̀yin náà, onígìtá ni yín. Kí wá ni tèmi níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin gan-an ni gìtá náà, bàbá."

Ó wò mí bíi pé mo ti tọ́ ọtí tí mo gbé wá wò lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ló béèrè iye tí mo fẹ́ san. Ọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání ni, a sì parí ẹ̀ níbẹ̀.

Ohun tí kò ṣeé parí lójú kan ni ọ̀rọ̀ ohùn. Àgídìgbo bàbá ní ohùn tirẹ̀, tí kò bá gìtá wa dọ́gba. A máa ń tún un ṣe o: bí a bá fa ahọ́n irin jáde kó gùn, ohùn á sọ̀ kalẹ̀, bí a bá tì í wọlé, á gòkè. Ọmọkùnrin tó ń bá mi tọ́jú kọ̀ǹpútà, tó jáde ní Pólì Ìlaró, gbé ẹ̀rọ kékeré rẹ̀ sí i, ó ní ohùn náà wà láàárín F àti F ṣáàpù, kò sí níbì kankan. Ó bẹ bàbá pé kí wọ́n ti ahọ́n náà wọlé díẹ̀. Bàbá gbé ahọ́n kọ̀ọ̀kan wò, wọ́n fà á, wọ́n gbọ́, wọ́n ní ibi tó wà yẹn ni bàbá àwọn fi í sí. Bí wọ́n ṣe sọ bẹ́ẹ̀, mo ti mọ ẹni tí yóò yí. A yí gìtá. Okùn kọ̀ọ̀kan ni a tẹ̀ sí ahọ́n irin bàbá, béèsì náà tẹ̀lé e. Dùùrù oníná kò ní àyè mọ́, a sì jẹ́ kó lọ jókòó sínú yàrá kejì. (Ẹni tó ni dùùrù náà bínú díẹ̀. Mo fún un ní ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.) Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni pé gìtá náà yí ohùn padà ju bí mo ṣe rò lọ. Okùn tó dẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ kì í ta, ó máa ń wúwo, ó sì máa ń tètè dákẹ́. A ti wà nítòsí Fatai ká tó kọ orin kankan.

Gbogbo wa la jókòó sínú yàrá kan ṣoṣo. Ọmọ tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ sì yé mi: bí a bá gba ohun èlò kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, tí aago kan ń ka àkókò sí olúkúlùkù létí, a lè tún ibi tó bá wọ́ ṣe láìda ti ẹlòmíràn rú. Ọ̀nà yẹn dára. N kì í ṣe ara àwọn tó ń sọ pé ohun gbogbo ti bàjẹ́ látìgbà tí kọ̀ǹpútà ti dé. Nígbà tí Sunny Adé lọ gba «Juju Music» sílẹ̀ ní Lomé fún Island Records ní 1982, tí Martin Meissonnier tó jẹ́ ará Faransé jókòó ti ẹ̀rọ, ohun tó dùn jù níbẹ̀ ni pé a lè gbọ́ gìtá kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, èyí ń sọ, èyí ń dáhùn, gìtá ará Hawáì ń fò kọjá lókè wọn. Yàrá kan ṣoṣo tí àwọn ìlù rọ́ lu ara wọn kò lè fúnni ní ìyẹn. Ṣùgbọ́n gìtá Fatai kò pọ̀ tó èyí tí à ń yà sọ́tọ̀. Ẹ̀gbẹ́ àgídìgbo àti ẹ̀gbẹ́ ìlù ló ti ń mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Bí a bá mú wọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ni yóò dákẹ́ fún? Àti pé bàbá kò fi ohunkóhun sétí. Wọ́n ní etí wọn méjèèjì ni àwọn fi ń lù.

Báyìí ni a ṣe tò wọ́n. Bàbá jókòó sí àárín lórí àpótí, a fi máìkì kan sí iwájú ihò àgídìgbo, ó rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí èémí wọn má baà wọ inú rẹ̀. A kọ ojú àmúpù gìtá sí ògiri, a rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ títí ẹni tó ń lù ú fi ń kùn pé òun kò gbọ́ ara òun. Àkúbà wà lẹ́yìn, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wà níta. Máìkì kejì so kọ́ sókè láàárín yàrá, kó lè gbọ́ gbogbo wa papọ̀, bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe é nígbà tí máìkì kan ṣoṣo bá wà: ẹni tí ohùn rẹ̀ bá pọ̀ jù, wọ́n á ní kó sún sẹ́yìn. Òfin kan ṣoṣo ni mo ṣe. Bí o kò bá gbọ́ àgídìgbo, ìwọ ló ń pariwo jù. A pa fáànù, a gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé aládùúgbò, a sì ń dúró de òjò kó dá lórí páànù.

Ọmọ tó lu gìtá, ilé ìjọsìn Sẹ̀lẹ́ ló ti kọ́ ọ. Ìjọ Sẹ̀lẹ́ tí Oschoffa dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní 1947 kò pẹ́ kó tó rékọjá sọ́dọ̀ wa, bí ẹ bá sì ń wá onígìtá tó mọṣẹ́ láàárín Ìdí-Ìrókò àti Ayétòrò lónìí, aṣọ funfun ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọwọ́ ọmọ náà yá. Ó lè fi ohùn mẹ́wàá kún ibi tí ohùn kan ti tó, nítorí ní ìsìn ìṣọ́ òru, ẹni tó bá dákẹ́ ni wọ́n máa rò pé ó ti sùn. Mo gba ike tó fi ń lu okùn lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kó lo àtàǹpàkò àti ìka kan. Inú rẹ̀ kò dùn. Ó lù ú, ó lù ú, ó wá dúró níbì kan tí bàbá ti tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Ọ̀gá, ibí yìí ṣófo. Kí ni kí n fi sí i?"

"Ta ló sọ fún ọ pé ó ṣófo? Bàbá wà níbẹ̀."

N kò rò pé ó gbà mí gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ó gbọ́wọ́ sókè, mo sì gbọ́ bí òrùka bàbá ṣe gbá ẹ̀gbẹ́ àpótí láàárín àyè tó fi sílẹ̀. Gbígbá yẹn ti wà níbẹ̀ látàárọ̀, gìtá ló bò ó mọ́lẹ̀.

Orin wo ni a lù? A kò lu ọ̀kan nínú ti Fatai. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti 2022 ní Nàìjíríà dáàbò bo orin tí ènìyàn bá kọ títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ẹni tó kú ní 2013, ó di ìparí 2083 kí orin tó kọ tó di ti gbogbo ayé. Bí a bá fẹ́ tún orin rẹ̀ ṣe, a gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó jogún rẹ̀ tàbí ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó o. Kì í ṣe ohun tó ṣòro jù, ó sì tọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi orin òkú ṣeré lóde kò tilẹ̀ ronú kàn án. Àmọ́ kì í ṣe òfin nìkan ló fà á. Bí a bá lu orin tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ohùn Fatai ni wọn yóò máa gbọ́ nínú ọkàn wọn, wọn kò ní gbọ́ àgídìgbo bàbá. Mo fẹ́ ohun tí kò ní ohùn ẹnikẹ́ni nínú.

Nítorí náà mo mú ìkíni. Ẹ kú iṣẹ́, Ọlágúnjú. Ẹ fi sí re àti mí: re mí re mí, re mí mí mí. Kò sí dò níbẹ̀ rárá. Ohùn méjì péré ló gbé gbogbo rẹ̀, ahọ́n irin méjì, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Àgídìgbo kí i, gìtá dáhùn pẹ̀lú ìkíni kan náà ní okùn tó sọ̀ kalẹ̀, béèsì wá gbé dò tí ọ̀rọ̀ náà kò ní wọ abẹ́ rẹ̀. Orí ìyẹn ni a dúró sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá yóò ní ohùn méjì ni a ń tún lù. Ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò ní le jókòó láìfi ọ̀rọ̀ sí i, àríyànjiyàn sì ti bẹ̀rẹ̀ kí a tó pa máìkì. Ọmọ onígìtá ní «Ẹ kú ilé» ni òun ń gbọ́ níbẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ níwájú ilé ní «Ẹ kú ọjọ́» ni, ó sì ń dáhùn láti ìta pé ọjọ́ kan pẹ̀lú! Kò sí èyí tó ṣì í gbọ́. Re mí re mí ni gbogbo rẹ̀. Mo tilẹ̀ fẹ́ràn ti ẹlẹ́kọ jù, nítorí ẹni tó ti lọ síbì kan tó sì padà dé là ń kí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó gbé béèsì, òdìkejì ẹnubodè ló ti wá, lọ́dọ̀ Sakété ní orílẹ̀-èdè Benin. Faransé ló fi ń ka ìgbésẹ̀, Yorùbá ló fi ń ṣàwàdà. Láyé ìgbà tí ilé ìgbàhùn tó dára kò pọ̀ ní Kútọnu, Orchestre Poly-Rythmo máa ń wá sí Èkó, sí ilé ìgbàhùn EMI, láti gba orin wọn sílẹ̀ fún Albarika Store ti Adissa Seidou. Bàbá ẹni yìí ní àwọn àwo náà nílé, wọ́n kó àwo Obey mọ́ ọn lórí pákó kan náà. Ó hàn nínú ọwọ́ ọmọ. Kì í fi ìtẹ̀ béèsì sí ibi tí àwa yóò fi í sí. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn àkúbà, bí ẹni tó ń rò ó bóyá òun fẹ́ wọlé. Mo ti fẹ́ bá a wí, ni bàbá bá ní kí n fi í sílẹ̀. A ì bá ti ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú, ṣùgbọ́n ìjọba ti ẹnubodè ní oṣù Kẹjọ 2019, Ìdí-Ìrókò kò sì ṣí padà títí di oṣù Kẹrin 2022. Lẹ́yìn ìyẹn náà, àwa méjèèjì ti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́.

Owó ló kù. Bọ̀rọ̀kìní kan ní ìlú fẹ́ ràn wá lọ́wọ́, kò sì béèrè ju pé kí a ki òun àti ìyàwó òun nínú rẹ̀. N kò rí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, bí a ṣe ń jẹun nídìí jùjú nìyẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo ní kí a kọ orúkọ rẹ̀ sí ara páálí àwo dípò kí a pè é. Ó ní ta ló ń ka páálí lóde òní tí gbogbo ènìyàn ń gbọ́ orin lórí fóònù? Ó sọ òótọ́ débi pé n kò rí èsì fún un. Ìdajì ohun tó ṣèlérí ló fi sílẹ̀, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kan ṣoṣo tó wà lórí àwo náà wà níparí: àwọn elégbè pe orúkọ àbísọ Fatai àti Ẹdẹ, wọ́n dákẹ́. Mo ti ń ronú láti yọ ìyẹn náà, àwọn elégbè ní bí kò bá sí i, kí ni àwọn wá ṣe?

Àwọn ọ̀dọ́ tó gbọ́ ọ béèrè ẹni tó ń lu «nǹkan yẹn» níwájú, mélòó kan nínú wọn sì ti tọ bàbá lọ ní Ọjà-Ọ̀dàn. Àwọn àgbà kò fi bẹ́ẹ̀ gba ti wa. Ilẹ̀ bọ̀lọ̀jọ̀ ni tiwa, ilẹ̀ ẹ̀fẹ̀ àti gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu kò bá ti kún àgbọ̀n, wọ́n á rò pé a kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni. Àgbà kan tó mọ Fatai lórí pèpéle l'Ékòó gbọ́ ọ dé òpin, ó ní ó dára, ìgbà wo wá ni a máa kọ orin náà gan-an? Nítorí náà a ti fẹ́ ṣe èkejì, tí yóò ní oríkì, orílẹ̀, àwọn tó fi sáyé lọ, àti orúkọ bọ̀rọ̀kìní wa, kí a lè máa fi ṣeré lóde. Mo ránṣẹ́ sí bàbá alágídìgbo pé iṣẹ́ kan náà ni, pé orí ohun tí wọ́n ti lù sílẹ̀ ni a óò kàn kọrin sí. Wọ́n ní kí ẹni tí mo rán sọ fún mi pé àwọn gbọ́, pé owó ọ̀tọ̀ ni ti ìyẹn.